Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tẹ́ńdà Ìjọba láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí dá lórí bí a ṣe ń gbé ìwé iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àti ìwé ìnáwó láti èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Faransé. Ògbufọ̀ wà lára àwọn tó kọ̀wé, agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀, láti Ìdìrókò títí dé Lọ́mẹ́. A fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ ó ṣe bá wọn pàdé.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń túmọ̀ ìwé ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ du iṣẹ́ ní Kútọnu. Ẹni tó ṣe apá kìíní kọ "procuration" fún "procurement", ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń ra ọjà tàbí gbé iṣẹ́ síta. Èmi kọ "approvisionnement". Ta ló gbà á nínú àwa méjèèjì?
*Ògbufọ̀, Ṣàgámù*

Kò sẹ́ni tó gbà á, ṣùgbọ́n àṣìṣe tiyín fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ. "Procuration" ni ìwé tí ènìyàn fi gbé àṣẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí onítọ̀hún lè bá a fọwọ́ sí nǹkan. Ẹ ó tilẹ̀ nílò ọ̀kan nínú àpò tẹ́ńdà yín bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ síwèé kì í bá ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wá jókòó níbi tó yẹ kí "procurement" wà, ẹni tó ń kà á yóò rò pé aṣojú yín lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Approvisionnement" jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bojú tó ilé ìkẹ́rùsí: kí símẹ́ǹtì má tán, kí epo dé lásìkò. Ìjọba Kánádà ń lò ó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní procurement, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé atúmọ̀ kan fi ń gbé e wá. Ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó ń sọ Faransé nínú UEMOA (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná FCFA), "passation des marchés publics" ni iṣẹ́ náà ń jẹ́. Òfin tí UEMOA ṣe ní 2005, Directive n° 04/2005, ló fi ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ fún wọn, "code des marchés publics" sì ni òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 2020 náà ń jẹ́. Ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti bọ́ sórí "commande publique" nínú ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2019. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ Páríìsì lọ fún ẹni tó ń kàwé ní Kútọnu.

Ẹ kíyè sí "marché" yẹn dáadáa. Nínú irú ìwé yìí, kì í ṣe ọjà Dantokpa. Kọ́ńtíráàtì náà gan-an ni. "Contract" di "marché", "contract award" di "attribution du marché", "the Contractor" sì di "le titulaire", tàbí "l'entrepreneur" bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé tàbí ọ̀nà.

Ibi tó tún máa ń gbé ènìyàn ṣubú ni "tender". Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìkéde tí ìjọba ṣe àti ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fi dáhùn. Faransé kì í da méjèèjì pọ̀. Kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè pé ta ló ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ìjọba ló ń pè, "appel d'offres" ni. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló ń fi sílẹ̀, "offre" ni, tàbí "soumission". Àkójọ ìwé tí ìjọba tà tàbí tó fún yín ni "dossier d'appel d'offres", tí gbogbo ayé ń pè ní DAO.

Báńkì wa ní Èkó fún wa ní "bid bond", ìyẹn ìwé ìdúró tí a ń fi sínú tẹ́ńdà. A túmọ̀ rẹ̀ sí "caution de soumission". Ìgbìmọ̀ tó ṣí àpò ìwé lódì kejì ibodè dá tẹ́ńdà wa padà, wọ́n ní ìwé ìdúró náà kò bá fọ́ọ̀mù inú DAO mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?
*Agbaṣẹ́ṣe, Ìdìrókò*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe nǹkan kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì lè ná ènìyàn ní owó ńlá.

Ìdúró oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni "caution", tí àdéhùn rẹ̀ ń jẹ́ "cautionnement". Onídùúró tí gbogbo wa mọ̀ nìyí. Bí olówó bá wá bá a, onídùúró lè ní: "Ẹ dúró ná, ṣé lóòótọ́ ló jẹ yín? Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣe tiyín?" Àwíjàre tí ẹni tó jẹ gbèsè ní ni onídùúró náà lè lò. Èkejì ni "garantie autonome", èyí tí àwọn báńkì tún ń pè ní "garantie à première demande". Báńkì kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Bí ìjọba bá ti kọ̀wé béèrè owó bí ìwé ìdúró ṣe là á sílẹ̀, báńkì yóò san, kí ẹ̀yin àti ìjọba máa ṣẹjọ́ yín lẹ́yìn náà. Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti kọ "unconditional" tàbí "on demand", èkejì yìí ló ń béèrè.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó ń lo òfin OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin okòwò kan náà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, nítorí náà báńkì Èkó kì í sábà ro tòfin yìí mọ́ ọn. Òfin OHADA lórí ìdúró, tí wọ́n tún ṣe ní Lọ́mẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2010, sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ nínú irú ìwé yìí, lára wọn ni: orúkọ "garantie autonome" fúnra rẹ̀, orúkọ ẹni tó bẹ báńkì, ti ẹni tí a dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ti báńkì, iye owó tí kò ní kọjá, ọjọ́ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí yóò fi òpin sí i, ọ̀nà tí wọn yóò gbà béèrè owó, àti gbólóhùn pé báńkì kò lè lo àwíjàre onídùúró. Bí ìwọ̀nyí bá sọnù, ìwé náà kò múlẹ̀. Ènìyàn lásán kò sì lè fún ni ní irú ìdúró yìí, àfi báńkì tàbí ilé-iṣẹ́. Ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ògbufọ̀ pààrọ̀ lè sọ ìwé báńkì di asán.

Ohun tó ń da nǹkan rú ni pé lẹ́nu àwọn agbaṣẹ́ṣe Kútọnu àti Lọ́mẹ́, "caution" ni wọ́n ń pe méjèèjì. Kò burú bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ má ṣáà kọ ọ́ síwèé.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má túmọ̀ ìwé ìdúró báńkì rárá. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú DAO ní Faransé. Ẹ gbé e lọ sí báńkì yín bó ṣe wà, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé tiwọn láìyọ nǹkan kan kúrò, láìsì fi nǹkan kan kún un. Bí ọ̀gá báńkì bá fẹ́ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, ìgbà yẹn ni kí ẹ túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún un, kó kà á lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Nínú ìwé Báńkì Àgbáyé fún ríra ọjà, ìdúró gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ 28 ju ọjọ́ tí tẹ́ńdà fi wà láàyè lọ. Tẹ́ńdà ọjọ́ 120 ń fẹ́ ìdúró ọjọ́ 148. Ọjọ́ kan péré tó bá dín, wọ́n lè fi dá yín padà. Ìwé kan náà tún sọ pé bí ilé-iṣẹ́ ìnáwó tó fúnni ní ìdúró kì í bá ṣe báńkì, tó sì wà lẹ́yìn odi, ó gbọ́dọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìnáwó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè tó ń gbé iṣẹ́ jáde. Bí ẹ bá rí "URDG 758", ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí ìdúró báńkì, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, "RUGD" ni kí ẹ kọ ní Faransé, nọ́ńbà 758 kò yí padà.

Orúkọ àwọn ìdúró tó kù kò le. "Bid security" ni "garantie de soumission" tàbí "garantie d'offre". "Performance security", ìdúró pé ẹ ó ṣe iṣẹ́ bó ti yẹ, ni "garantie de bonne exécution". Ti owó àsansílẹ̀ ni "garantie de restitution d'avance". Bí DAO bá sì gba "bid-securing declaration", ìyẹn "déclaration de garantie d'offre", ẹ ò nílò báńkì rárá. Ìwé ẹ̀jẹ́ lásán ni.

Mo kọ "comptable" fún "accounting officer" nínú ìròyìn ìnáwó kan. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò fi ìlà pupa fà á, kò sì sọ ìdí.
*Òṣìṣẹ́ ìjọba, Abuja*

Ìlà pupa yẹn tọ́. Ní Nàìjíríà, Permanent Secretary ni accounting officer ilé-iṣẹ́ ìjọba. Abala 20 nínú Public Procurement Act ti 2007 sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tẹ́ńdà. Òun ló ń pàṣẹ ìnáwó, òun ló sì ń dáhùn fún un. Kì í ṣe òun ló ń ka owó. Nínú ètò Faransé, ẹni tó ń pàṣẹ ìnáwó ni "ordonnateur", ẹni tí owó wà níkàáwọ́ rẹ̀ tó sì ń san án ni "comptable public". Òfin wọn ya àwọn méjèèjì nípa: ẹni tó pàṣẹ kọ́ ni yóò sanwó. Bí ẹ bá pe Permanent Secretary ní comptable, ẹ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ti gbé e jókòó sídìí àpótí owó. Ẹ kọ "ordonnateur", kí ẹ sì fi oyè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde.

Àwọn oyè tí kò ní ẹlẹgbẹ́ pérépéré, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ ṣàlàyé wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pe Auditor-General Nàìjíríà ní "Cour des comptes", àṣìṣe ni, nítorí ilé ẹjọ́ ni Cour des comptes, ó ní agbára ìdájọ́. Auditor-General ń yẹ ìwé wò, ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. "Vérificateur général", tí Kánádà àti Mali ń lò, ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà tí owó ìjọba ń gbà jáde ní Faransé, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ atúmọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe jù. Ìpele mẹ́rin ni. "Engagement" ni ìgbà tí ìjọba so ara rẹ̀ mọ́ ìnáwó, bíi kó fọwọ́ sí marché. "Commitment" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. "Liquidation" ni ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹrù dé, iṣẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ṣírò iye tó tọ́ gan-an. Kò kan pípa ilé-iṣẹ́ dé rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan náà túmọ̀ sí nílé ẹjọ́ okòwò. Ẹni tó bá rí "verification" nínú àlàyé Gẹ̀ẹ́sì nípa ìpele yìí, "liquidation" ni kó kọ, ìwé tó sì ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ ti ṣe ni "certification du service fait". "Ordonnancement" ni àṣẹ pé kí wọ́n sanwó. "Paiement" ni owó fúnra rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ordonnateur, èyí tó gbẹ̀yìn wà lọ́wọ́ comptable.

Ọ̀rọ̀ kan kù: "appropriation". "Crédit" tàbí "crédit budgétaire" ni, ìyẹn owó tí òfin ìṣúná yà sọ́tọ̀ fún nǹkan kan. Kì í ṣe gbèsè. Owó tí ìjọba yá ni "emprunt", owó tí báńkì yá ènìyàn ni "prêt". "Appropriation Act" sì ni "loi de finances".

Nínú àdéhùn kan tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì fún wa, "acompte" ni wọ́n pe gbogbo owó tí wọ́n máa san fún wa. Ẹ bá wa tú u.
*Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé, Kétu*

Ẹ dá ìwé náà padà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. "Avance" ni owó tí wọ́n san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Acompte" ni owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lára odindi. "Solde" ni èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ti lè máa ro "acompte" tí a ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ tàbí oníṣọ́ọ̀bù, èyí tó jẹ́ owó ìṣáájú lóòótọ́. Nínú marché ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ohun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe Nàìjíríà ń pè ní "mobilisation" ni "avance de démarrage". Bí ẹ bá kọ "mobilisation" sílẹ̀ fún Faransé, kíkó ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni yóò rò.

Ẹ má sì da owó pọ̀ mọ́ ìwé rẹ̀. "Interim payment certificate" ni "décompte provisoire", acompte ni owó tó ti inú rẹ̀ jáde. Ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n iṣẹ́ sí lórí pápá, tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, ni "attachement". "Final account" ni "décompte général et définitif".

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní marché jẹ́ 100 000 000 FCFA láìka owó orí, avance jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún: 20 000 000. Ní oṣù kẹta, ẹ ti ṣe iṣẹ́ 30 000 000. Wọn yóò yọ ìdá 20 nínú rẹ̀ láti fi dá avance padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn 6 000 000, orúkọ rẹ̀ ni "remboursement de l'avance". Wọn yóò tún yọ ìdá 5, ìyẹn 1 500 000, gẹ́gẹ́ bí "retenue de garantie", owó tí wọ́n dá dúró fún ìgbà díẹ̀. Acompte yín jẹ́ 22 500 000. Bí ìwé bá pe avance ní acompte, kò sí ohun tó fi hàn pé 20 000 000 yẹn yóò padà, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ lórí décompte àkọ́kọ́.

"Retention" ni "retenue de garantie", kì í ṣe "rétention". "Withholding tax" sì ni "retenue à la source". Méjèèjì jẹ́ retenue, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yóò padà sọ́wọ́ yín lẹ́yìn "réception définitive", ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà pátápátá, èkejì ti lọ sápò ìjọba. "Bill of quantities", ìwé tó to iye ohun tí iṣẹ́ gbà, kì í ṣe "facture", ìwé tí a fi ń béèrè owó, láéláé. "Devis quantitatif et estimatif" ni, ìwé tó ní iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú sì ni "bordereau des prix unitaires". Ẹ sì máa wo ẹ̀yìn gbogbo iye owó: HT ni láìka owó orí, TTC ni pẹ̀lú owó orí. TVA, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní VAT, ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ní Nàìjíríà ó jẹ́ 7.5 láti oṣù kejì 2020. Tẹ́ńdà 50 000 000 HT jẹ́ 59 000 000 TTC ní Kútọnu. Ẹni tó kọ TTC síbi tó yẹ kó kọ HT ti gé 9 000 000 kúrò nínú owó tí wọn yóò san, lójú ìwé kan.

"Dommages liquidés" ni mo rí nínú ìwé kan fún "liquidated damages", ìyẹn owó tí àdéhùn ti là sílẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe yóò san bí iṣẹ́ bá pẹ́. Etí mi kò gbà á.
*Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn*

Etí yín gbọ́ ire. "Pénalités de retard" ni ẹni tó ń kàwé ní Kútọnu tàbí Dakar mọ̀. Ìdí tí àwọn ògbufọ̀ fi ń sá fún un ni pé wọ́n kọ́ wa nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì pé "penalty" kò dára, ilé ẹjọ́ lè má tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù yẹn kò sí lódì kejì. "Clause pénale" bófin mu ní ilẹ̀ Faransé, àfi pé adájọ́ lè dín in kù bó bá pọ̀ ju ti ọmọlúwàbí lọ, tàbí kó fi kún un bí kò bá tó nǹkan. Article 1231-5 nínú Code civil wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé, ẹ ó máa rí ìdá kékeré lójúmọ́, bíi "1/2000 par jour de retard". Lórí marché 200 000 000, ìyẹn jẹ́ 100 000 lójúmọ́, 3 000 000 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni "plafond". Ẹ ṣọ́ra fún "notice" pẹ̀lú. Ní Faransé, "notice" ni ìwé ìlànà tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ tàbí oògùn. Ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó kùnà ni "mise en demeure", "notice to proceed" sì ni "ordre de service".

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "maître d'ouvrage" àti "maître d'œuvre"?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́*

Maître d'ouvrage ló ni iṣẹ́, òun ni "Employer" inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Maître d'œuvre ló ń ya àwòrán rẹ̀ tó sì ń bójú tó o, òun ni "Engineer". Ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ́ ọ kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Bí ẹ bá pàṣípààrọ̀ wọn nínú àdéhùn, ayàwòrán yóò di ẹni tó jẹ agbaṣẹ́ṣe lówó.

Wọ́n ní iṣẹ́ kan jáde ní "entente directe". Ọ̀rẹ́ mi ní ìwà ọ̀daràn ni "entente". Mo fẹ́ túmọ̀ ìròyìn náà dáadáa.
*Oníròyìn, Ṣakété*

Ọ̀rẹ́ yín gbọ́ ìdajì. "Entente directe", tí wọ́n tún ń pè ní "gré à gré", ni kí ìjọba gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan láìpe àwọn tó kù wá du ú. Òfin gbà á láwọn ìgbà kan, bíi nígbà pàjáwìrì tàbí nígbà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ lórí ohun náà, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ń ṣàbójútó. "Direct procurement" tàbí "single source" ni ní Gẹ̀ẹ́sì. "Entente" láìsí "directe", láàárín àwọn tó ń du iṣẹ́ fúnra wọn, ni ìdìtẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "bid rigging" tàbí "collusion". Láti má ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ẹ kọ "entente illicite entre soumissionnaires" fún èyí. Oníròyìn tó bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbí ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń túmọ̀ ìròyìn ìdájọ́ tẹ́ńdà: "responsive bid", tẹ́ńdà tó bá ohun tí DAO béèrè mu, ni "offre conforme", kì í ṣe "réactive". "Moins-disant" ni ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, "mieux-disant" ni ẹni tí tẹ́ńdà rẹ̀ dára jù nígbà tí wọ́n ka owó àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀. "Lowest evaluated responsive bid" sì ni "offre conforme évaluée la moins-disante". Ó gùn, ṣùgbọ́n ẹ má gé e kúrú.

Ẹ̀rọ atúmọ̀ ni mò ń lò, màá wá tún un ṣe. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?
*Ògbufọ̀, Èkó*

Nọ́ńbà. "Billion" Gẹ̀ẹ́sì ni "milliard". Faransé ní "billion" tirẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni, ìyẹn "trillion" tí ìṣúná Nàìjíríà ń kà. Kí ó má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ẹ kọ tírílíọ̀nù náírà méjì báyìí: "2 000 milliards de nairas". Kọ́mà àti póìǹtì náà ń pààrọ̀ àyè: 1,500,000.75 di 1 500 000,75. Ẹ tún wo iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ, nítorí bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ni ìwé Báńkì Àgbáyé ń gbà gbọ́.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá "delay". "Délai" ni àkókò tí a fúnni, "retard" ni ìfàsẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe tó ní "délai de six mois" kò tíì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Éventuellement" ni "bó bá ṣẹlẹ̀", kì í ṣe "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín". "Shall" nínú ìwé àdéhùn kò nílò ọjọ́ iwájú: "The Contractor shall submit" di "Le titulaire remet". Faransé òfin ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe lásán pàṣẹ.

Níbo la ti lè rí ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?
*Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé*

IATE ti European Union, TERMIUM Plus ti ìjọba Kánádà àti UNTERM ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ìlú ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n ń sọ èdè rẹ̀. Ohun tí àwa fẹ́ràn jù ni ìwé tẹ́ńdà Báńkì Àgbáyé fúnra rẹ̀. Ẹ gba ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, irú kan náà, ọdún kan náà, kí ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abala ń tẹ̀ lé abala. Ẹ ó rí i pé "Bid Data Sheet" di "Données particulières de l'appel d'offres", "General Conditions" di "Cahier des clauses administratives générales". Ẹ ṣí tábìlì kan sórí kọ̀ǹpútà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Faransé, orílẹ̀-èdè tó ń lò ó, ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, ìwé tí ẹ ti rí i àti ojú ìwé rẹ̀. Ìlà tí kò bá ní orílẹ̀-èdè, ẹ má tíì lò ó.

Ọjọ́ mẹ́wàá "ouvrables" ni wọ́n fún wa láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Mo ka ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ṣé mo ṣì wà láàbò?
*Agbaṣẹ́ṣe, Lọ́mẹ́*

Ẹ tún un kà kíákíá. "Jours ouvrés" ni ọjọ́ tí ọ́fíìsì ṣí gan-an, tó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. "Jours ouvrables" jẹ́ mẹ́fà, ọjọ́ Sátidé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni kò sí. "Jours calendaires" ni gbogbo ọjọ́ pátá. "Working days" Gẹ̀ẹ́sì kò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjì àkọ́kọ́, torí náà ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀ nínú DAO kí ẹ tó ka ọjọ́. Bí ìwé wọn kò bá ṣàlàyé rẹ̀, ẹ ka Sátidé mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé ẹ̀sùn náà dé ọ́fíìsì wọn kí ọjọ́ kẹwàá yẹn tó pé. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí sí.